IT Wa àti Ẹ̀fọ́ Etí Odò Jakara

  Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí àwa fẹ́ wò kí a tó sọ tẹnu wa lónìí ni Sabon Gari ní ìlú Kano, níbi tí púpọ̀ nínú wa ń gbé, tí wọ́n tilẹ̀ bí àwọn kan nínú wa sí.

Ní ọlidé tó kọjá, àwa mẹ́ta jókòó sí búkà kan nítòsí Aitken Road, a ń jẹ àmàlà. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místrì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí IT rẹ̀ ni. Màmá tó ni búkà ń ṣa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sínú igbá. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ yunifásítì ni wá, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní omi gọ́tà àti omi tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde ni àwọn tó ń dáko létí odò fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ yìí. Omi iyọ̀ ni mo máa ń fi fọ̀ ọ́. Ṣé ó tó, àbí kò tó?”

Gbogbo wa yíjú sí onímọ̀ kẹ́místrì wa. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ti fi ìdánwò bi í ní ìpele kẹta, ó sì gba máàkì tó dára. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi Yorùbá díẹ̀ lù ú, ó tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ irin oríṣiríṣi, ó ní ó di dandan kí a mọ iye tó wà nínú lítà omi kan. Màmá tẹ́tí sí i títí, ó mi orí, ó ní: “Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ kà á já.” Ó bu omi iyọ̀ sórí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ojú tì wá. Àwa tí à ń gbé ẹ̀kọ́ lérí, ìbéèrè ìyá olóúnjẹ borí wa. Kì í sì í ṣe pé arákùnrin wa kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí kò rí ni ọ̀nà tí ìmọ̀ náà yóò gbà kúrò lórí ìwé ìdánwò dé inú igbá ẹ̀fọ́. A wá bi í léèrè ohun tí ó fi oṣù 6 IT rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lò ju ẹni tó ni ín lọ, òun sì mọ iye ṣúgà tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ń fi mu tíì. Logbook rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun da ti ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú kọ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún lẹ́tà IT ní ìtumọ̀ tuntun: wọ́n ní “Ìránṣẹ́ Tíì” ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn ná, nítorí ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Odò Jakara gba inú ìlú Kano kọjá, ó ń kó omi ìdọ̀tí ìlú lọ sí ìhà àríwá-ìlà-oòrùn títí dé ibi tí wọ́n ti sé e ní Wasai. Odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Getsi ń gbé omi ilé iṣẹ́ láti ìhà Bompai wá pàdé rẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí omi níbòmíràn, omi yìí ni àwọn àgbẹ̀ ń fà sínú ebè sàláàdì, tẹ̀tẹ̀, tòmátì àti àlùbọ́sà. Ní ọdún 2003, Tony Binns, Roy Maconachie àti Adamu Tanko ti kọ̀wé lórí omi, ilẹ̀ àti ìlera nínú iṣẹ́ oko tí wọ́n ń ṣe nínú ìlú Kano àti ẹ̀yìn odi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pamọ́ rárá. Inú ìwé ìwádìí tí Màmá kò lè rí rà ní ọjà Sabon Gari ni ó wà, lédè tí kò gbọ́.

Nǹkan méjì ni ó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kòkòrò àrùn tó ti inú ìgbẹ́ ènìyàn wá. Iná ni ọ̀tá ìyẹn. Bí ẹ̀fọ́ bá hó dáadáa, ó kú. Sàláàdì tí a kì í sè ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún. Èkejì ni ohun tó jẹ mọ́ irin. Àwọn ilé iṣẹ́ awọ, ní Bompai, ní Sharada àti ní Challawa, máa ń lo iyọ̀ kirómíọ̀mù kí awọ má baà jẹrà, kí ó sì rọ̀. Èyí tí wọn kò bá sẹ́ kúrò nínú omi ń bá omi jáde. Ó ń wọ ilẹ̀, gbòǹgbò ń fà á, ó sì ń wọ inú ewé. Èyí tó bá ti wọ inú ewé, omi iyọ̀ kò lè fọ̀ ọ́, iná kò sì lè pa á. Omi iyọ̀ Màmá ń ran ti ara ewé lọ́wọ́, kò kan ti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dẹ́rù ba ènìyàn lásán: oríṣi kirómíọ̀mù méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe awọ kò sì burú tó èkejì tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó wà nínú ẹ̀fọ́ tàbí bí ó ṣe pọ̀ tó. Àyẹ̀wò ni ó lè sọ. Nítorí náà, oko tí ẹ̀fọ́ ti wá ni kí Màmá kọ́kọ́ máa bi alátẹ léèrè.

Ẹ wò ó, kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí a tó lè kọ ọ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni onímọ̀ kẹ́místrì wa fagi lé ohun tí àwa ọmọ Yorùbá kọ, tí ó ní irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwa náà fagi lé tirẹ̀, tí a ní kò sí ìyá tí yóò gbọ́ ọ. Ìjà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ ni. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ọlidé gígùn sì ni àkókò rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní AAAS ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì lọ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ní ìgbà ooru láti àárín àwọn ọdún 1970. Ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n fi ń jókòó ti àwọn oníròyìn, tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń sọ ìmọ̀ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Industrial Training Fund tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971 bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ti yunifásítì jáde pẹ̀lú ìmọ̀ orí ìwé nìkan. Ètò tó dára ni, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ èdè kì í sábà ní ìpín nínú rẹ̀. Bí ọlidé bá dé, onísáyẹ́ǹsì lọ pọn tíì, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lọ jókòó sílé. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kò ní ẹnu. Ẹni tó ní ẹnu kò ní ọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lásán fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ ńlá bí èyí. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí Koko. Láti 1987 sí 1988, oníṣòwò kan láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró wọ ìlú Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà. Irọ́ ni wọ́n kọ sórí ìwé ẹrù náà. Àgbàlá bàbá kan ni wọ́n yá fún owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù láti kó o sí. Àwọn ará ìlú kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ da èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù nù kí wọ́n lè máa fi pọn omi. Ta ni ó tú àṣírí náà? Kì í ṣe mínísítà, kì í sì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ni wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, ariwo ta. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà padà sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fi òfin 58 dá FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká, èyí tí NESREA gba ipò rẹ̀ ní 2007. Lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbọ́ èdè Ítálì, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rántí ilé. Ohun èlò mẹ́ta yẹn ni wọ́n ní.

Kano náà ní ìtàn tirẹ̀, kò sì dùn ún sọ. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níhìn-ín. Ọmọdé 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn sì kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ó sì di 2009 kí wọ́n tó fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ọgbẹ́ náà kò tíì jinná nígbà tí wọ́n gbé oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dé. Ní 2003 ni àhesọ gbòde pé oògùn náà ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kano dá a dúró, ó sì di oṣù keje 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àrùn náà ti ti àríwá Nàìjíríà ràn dé orílẹ̀-èdè tó tó 20. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ abínibí.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí nínú ọgbà, àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní àìmọ̀kan ni. Àwa kò gbà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ìwé aláwòrán mèremère pọ̀ nílẹ̀ nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí ará àdúgbò mọ bàbá àti ìyá rẹ̀, tó lè jókòó sórí àpótí, tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè tó le kí ó má bínú, òun ni kò tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ Sabon Gari.

Ẹ sì mọ ibi tí à ń pè ní Sabon Gari. Ọdún 1911 ni rélùwéè dé Kano, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pààlà ìlú tuntun yìí fún àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò tó ti gúúsù wá. Ìlú tuntun náà ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Hausa. Títí di òní, nínú ilé kan ṣoṣo ẹ lè rí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Òǹdó, Ìgbò, Tiv àti Hausa, tí gbogbo wọn ń pọn omi kan náà lọ́wọ́ mai ruwa kan náà. Ìdí nìyí tí èdè kan kò fi lè tó. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń sọ pé Yorùbá nìkan ni kí a fi ṣe é nítorí pé ẹgbẹ́ Yorùbá ni wá. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò bá wọn gbà. Gọ́tà kò mọ ẹ̀yà. Bí ti Yorùbá bá mọ́, tí ti aládùúgbò dí, ilé àwọn méjèèjì ni àgbàrá yóò wọ̀. Púpọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí Kano gbọ́ Hausa bí onílé; kí a lò ó.

Ìgbà tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìgbà ooru, ìgbà òjò ni lọ́dọ̀ wa. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń dí ojú gọ́tà, tí omi ṣalángá ń bá omi kànga pàdé, tí àrùn onígbá méjì sì ń rìn. Ní 2021, ó pa ènìyàn tó lé ní 3,000 ní Nàìjíríà, Kano sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti jà jù. Iyọ̀, ṣúgà àti omi tó ti hó, tí a pò bí ó ti yẹ, ìbá ti dá ẹ̀mí púpọ̀ dúró títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí. Lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà 6, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? A ti dé ibi òkú tí wọ́n ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, nígbà tó jẹ́ pé inú kọ́rídọ̀ ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí mọ́jú. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ṣe ni ó máa ń gba àyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹni tó sùn kò fi ní jí. Ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn kan yìí yé ìyálé ilé ní èdè rẹ̀ ti ṣe ju IT wa lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá kò gba sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n ṣe dáadáa, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwa tí a dé yunifásítì ni a wá sọ pé a kò rí ọ̀rọ̀.

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀ka èdè jọ fọwọ́ sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ 8 nínú ọlidé ṣe iṣẹ́ yìí ní méjì-méjì, onísáyẹ́ǹsì kan àti elédè kan, kí wọ́n sì kà á sí wọn lọ́rùn. Kí a bẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ìlú fún ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀. Kí a lọ sọ́dọ̀ Ọba àwọn Yorùbá ní Kano, sọ́dọ̀ àwọn lẹ́mọ́mù àti àwọn pásítọ̀, kí wọ́n fún wa láyè lẹ́yìn ìrun àti lẹ́yìn ìsìn. Kí olùkọ́ kan máa ka ohun tí a bá kọ kí ó tó jáde, kí a má baà fi irọ́ lé àhesọ lọ. Owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán ni kí wọ́n wá fún wa; ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ inú.

Ìṣòro kan wà tí a kò ní fi pamọ́. Bí a bá sọ pé ẹ̀fọ́ etí odò léwu, àwọn àgbẹ̀ tó ń fi í bọ́ ọmọ ńkọ́? Wọn kọ́ ni wọ́n da kirómíọ̀mù sómi. Bí ọ̀rọ̀ wa bá kàn ń lé oníbàárà kúrò nídìí àtẹ wọn, tí kò dé etí ẹni tó ni ilé iṣẹ́, àwọn tálákà ni a jà lólè. Nítorí náà, inú oko ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí a bá àwọn àgbẹ̀ jókòó kí a tó dé orí rédíò, kí a sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n wá yẹ omi náà wò, kí wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ síta.

A ti padà sí búkà pẹ̀lú ìpínrọ̀ wa. A kà á fún Màmá. Ó ní òun gbọ́ ọ yékéyéké. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé: “Tẹ̀tẹ̀ ti òní yìí ńkọ́, oko wo ni ó ti wá?” Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Ó rán ọmọ rẹ̀ sí alátẹ lọ́jà kí ó lọ bèèrè.

Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ènìyàn 7 ni ó ti kọ orúkọ: elédè 5, onísáyẹ́ǹsì 2. A ń wá onísáyẹ́ǹsì 3 sí i, pàápàá ẹni tó ń kọ́ bàọ́lọ́jì, àti ẹnikẹ́ni tó lè ka ìròyìn lédè Hausa láìṣe àṣìṣe. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ ni a ó ti ìwé náà.